Abẹ́rẹ́ Tó Gún Mi Níbi Tí Mo Ti Ń Kí Ìyá Ọkọ Mi

Bó bá jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gún yín lẹ́nu iṣẹ́ ni, ẹ má kà jù báyìí lọ. Ẹ lọ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀, ẹ wá ọ̀gá yín lọ, ẹ sọ fún un. Bí ẹ bá ṣe ìyẹn tán, ẹ padà wá bá mi. Mi ò lọ síbì kankan, ọ̀rọ̀ mi ò sì ní kan kí ẹ tó dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fọwọ́, tí ẹ ti sọ fún ọ̀gá, tí ẹ wá jókòó síbì kan tí àyà yín ń já, ẹ̀yin gan-an ni mò ń kọ èyí fún. Mo mọ ibi tí ẹ wà, mo ti jókòó síbẹ̀ rí. Nọ́ọ̀sì ni mí, ní ilé ìwòsàn kan ní Ìlobù. Ẹnu mi mú, ọwọ́ mi sì yá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa sọ pé ìgbà tí mo bá fa ẹ̀jẹ̀ ọmọdé tán ni ọmọ náà ń rántí pé ó yẹ kóun sunkún. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ láìsí pé abẹ́rẹ́ kan gún mi, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé àwọn tí kò fara balẹ̀ ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé yín, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ eékún mi.

Ọmọ Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni mí, Ìlobù ni mo ti rí ọkọ fẹ́. Ẹni tó bá mọ agbègbè wa mọ̀ pé ìlú méjèèjì kò jìnnà síra, èèyàn lè jẹun ní ọ̀kan kó lọ mumi ní èkejì. Ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan wà láàárín wọn tó ti dàgbà ju èmi àti ẹni tó bí mi lọ. Lọ́jọ́ tí Bàbá Ìbùkún mú mi lọ fi han ìyá rẹ̀ (bí mo ṣe ń pe ọkọ mi nìyẹn, Ìbùkún ni ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo), ohun tí Màmá kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé ní gbogbo Ìlobù, kò sí ọmọbìnrin mọ́ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo gbọ́.

Obìnrin dáadáa ni Màmá. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àti dòní, bí àgbàlagbà onírùngbọ̀n tí wọ́n kọ́ níwèé bá pàdé wọn lọ́nà, á yára fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Ohun kan tí wọn kì í fojú fò ni ìkíni. Inú àgbàlá kan náà la jọ ń gbé. Láàárọ̀ tí mo bá ń kánjú lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń tẹ eékún díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣa nǹkan nílẹ̀, màá sì máa lọ. Màmá ò ní bá mi wí. Wọ́n á kàn wo eékún mi, tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á sọ fún ọmọ wọn pé, "Ìyàwó rẹ ń bẹ̀rẹ̀ ni o, kì í kúnlẹ̀. Àbí àwọn ará Ìfọ́n ò fẹ́ kí eékún wọn kan ilẹ̀ Ìlobù ni?" Ọkọ mi á wá fi ṣe ẹ̀rín sọ fún mi. Mo ní kó lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé ilẹ̀ ni ìlú méjèèjì ń jà sí, kì í ṣe eékún. Kò jẹ́ gbé ìyẹn débẹ̀, ó mọ ohun tó dára fún un.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo bá sọ nínú ara mi pé ọjọ́ tí Màmá bá tún bá mi pàdé lójú àwọn èèyàn, eékún mi méjèèjì á kanlẹ̀, wọ́n á sì gbọ́ ìró rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni. Obìnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tí ibà àti ikọ́ ti dá dùbúlẹ̀. Ọmọ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni, kò tíì dàgbà tó mi. Orúkọ rẹ̀ kò ní jáde lẹ́nu mi. Dókítà ní kí n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún láàbù. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo so okùn mọ́ ọn lápá, mo rí iṣan, mo fa ẹ̀jẹ̀, mo dà á sínú ìgò. Ó ku kí n ju abẹ́rẹ́ sínú páálí tí à ń kó abẹ́rẹ́ tí a ti lò sí. Páálí náà wà lórí tábìlì, lódìkejì wọ́ọ̀dù. Mo gbé sírínjì dání, mo ń lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì."

Màmá ni. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kúlà oúnjẹ lọ́wọ́, àwọn obìnrin ìjọ wọn méjì sì wà lẹ́yìn wọn. Ọmọ ìjọ wọn kan ni wọ́n wá wò ní wọ́ọ̀dù kejì, Màmá wá ní kí àwọn gba ọ̀dọ̀ mi kọjá kí àwọn gbé ọ̀lẹ̀ fún mi. Gbogbo ohun tí mo kọ́ nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì bá fò lọ, èyí tí ìyá mi kọ́ mi nílé nìkan ló kù. Eékún mi méjèèjì kanlẹ̀, gbì. Mo kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa, mo ní, "Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ kú ọ̀nà mà. Ẹ ṣeun tí ẹ wá mà." Sírínjì ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Ibi tí ọwọ́ òsì ti fẹ́ di ọwọ́ ọ̀tún mú lẹ́yìn mi ni abẹ́rẹ́ ti gba ìbọ̀wọ́ kọjá, ó wọ àtàǹpàkò mi.

Kò dùn mí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn, nítorí àwọn kan ń rò pé ohun tí kò dunni kò lè ṣeni ní nǹkan. Kò ju bí èèrà ṣe ń ta ni lọ. Mo wà lórí eékún, mo ń gbọ́ tí Màmá ń sọ fún àwọn obìnrin náà pé, "Ìyàwó mi nìyẹn o. Ọmọ Ìfọ́n ni." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí màá gbọ́ kí wọ́n fi Ìfọ́n yangàn. Inú wọn dùn gan-an, ẹ̀jẹ̀ sì ń sun nínú ìbọ̀wọ́ lẹ́yìn mi.

Mo dìde, mo ju abẹ́rẹ́ sí páálí, mo fi ọwọ́ tó yè gba kúlà, mo fi ọ̀nà wọ́ọ̀dù kejì hàn wọ́n. Nígbà tí wọ́n kẹ́yìn sí mi ni mo tó sáré lọ síbi ẹ̀rọ omi. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún àtàǹpàkò mi bí ẹni tó ń fún ọsàn. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ti ń gbé bílíìṣì bọ̀, ó ní òun á dà á sí i. Ìgbà yẹn ni Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá wa, yọ sí wa. Obìnrin tí kì í pariwo ni wọ́n.

"Má fún un. Má da nǹkan kan sí i. Ọṣẹ àti omi ni, jẹ́ kó máa ṣàn." Wọ́n dúró tì mí títí mo fi fọ̀ ọ́ dáadáa. Wọ́n wá ní, "Ta lo lo abẹ́rẹ́ yẹn fún?"

Mo nàka sí bẹ́ẹ̀dì obìnrin ará Ẹ̀rìn.

Mátírọ́ọ̀nù lọ bá a, wọ́n fa kọ́tìnì, wọ́n ṣàlàyé fún un, ó sì gbà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kí ọ̀lẹ̀ Màmá tó tutù, èsì ti jáde. Kòkòrò HIV wà lára rẹ̀. Òun náà ò mọ̀ títí di ọ̀sán yẹn. Bí èmi àti òun ṣe wọ inú ìbẹ̀rù kan náà lọ́jọ́ kan náà nìyẹn. Mo fẹ́ bínú sí i, mi ò rí ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tó kọ́kọ́ bèèrè nígbà tó nu ojú rẹ̀ ni pé, "Ṣé mo ti kó bá nọ́ọ̀sì?"

Mo sọ fún un pé, "Ìwọ kọ́ lo gún mi. Èmi ni mo gún ara mi. Gbájú mọ́ ara tìẹ."

Oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tí irú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ti tán lọ́dọ̀ wa. Mátírọ́ọ̀nù ní kí n máa lọ sí Òṣogbo lójú ẹsẹ̀, kí n má yà sílé lọ pààrọ̀ aṣọ. Wọ́n ní bí oògùn náà bá ṣe tètè wọnú tó ló ṣe dára tó, pé tó bá fi lè ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ó ti bọ́ nìyẹn. Mo wọ mọ́tò pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù mi. Ìyá kan tó ń kó ata lọ sọ́jà jókòó tì mí. Bó ṣe rí aṣọ mi, ó fa ìró sókè, ó ní kí n bá òun wo egbò kan lẹ́sẹ̀ òun tó ti ń yọ òun lẹ́nu. Mo wò ó. Mo ní kó lọ fi hàn nílé ìwòsàn, kó má fi falẹ̀, ohun téèyàn bá tètè mú kì í di wàhálà. Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń jáde lẹ́nu mi ni mo ń gbọ́ ọ fún ara mi.

Ní ilé ìwòsàn tí mo dé, àwọn tó ń gba oògùn HIV ní ibi tí wọ́n ń jókòó sí. Wọ́n ní kí n tò síbẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú tì mí. Èmi tí mo máa ń dúró níwájú àwọn aláboyún, tí mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀, ìborùn ni mo fà bo orí, mo kọjú sí ògiri. Mò ń bẹ̀rù kí ará Ìlobù kan má rí mi, mo tún ń bẹ̀rù kí ará Ìfọ́n má rí mi. Ọkùnrin kan tó sanra, tí ara rẹ̀ ń dán, fi ìgbọ̀nwọ́ kàn mí. "Àǹtí, ẹ jókòó dáadáa. Kò sẹ́ni tó wá wo ojú ẹnìkejì ẹ̀ níbí. Oògùn la wá gbà." Mo wojú wọn. Ẹnìkan ń jẹ ẹ̀pà. Àwọn méjì ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Wọn ò yàtọ̀ sí àwọn tó ń tò síbi tí wọ́n ti ń yọ eyín. Àrùn kògbóògùn làwọn èèyàn wa ń pè é, irọ́ sì ni, ó ń gbọ́ oògùn. Ọkùnrin yẹn sọ fún mi pé òun ti ń lo tòun kí òun tó gbéyàwó, ìyàwó òun àtàwọn ọmọ òun ò sì ní in.

Ó ti rẹ̀ mí kó tó kàn mí. Dókítà kékeré kan ló dá mi lóhùn. Ó kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ tèmi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ mọ bí ara mi ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó gbé oògùn sí mi lọ́wọ́, mo gbé e mì níwájú rẹ̀. Ó ní kí n máa lo ọ̀kan lójoojúmọ́ fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, ọ̀kan kò gbọdọ̀ yẹ̀. Ó ní kì í ṣe gbogbo ẹni tí abẹ́rẹ́ gún ló ń kó o, wọn ò tiẹ̀ pọ̀, oògùn yìí á sì tún dín in kù jìnnà. Mò ń mi orí. Ó wá ní, "Ṣé ẹ ń fọ́mọ lọ́mú?"

Ìbéèrè yẹn ló fọ́ mi. Ọmọ oṣù mẹ́wàá ni Ìbùkún. Láti ọ̀sán ni ọmú mi ti kún, ó ti ń rin aṣọ, mi ò tiẹ̀ fura. Mo bú sẹ́kún níwájú dókítà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bí. Gbogbo ohun tó ń bà mí lẹ́rù tẹ́lẹ̀, èmi nìkan ló kàn. Láti ìgbà náà lọ, ọmọ mi ni mò ń bẹ̀rù fún.

Dókítà ò kán mi lójú. Ó ṣàlàyé pé ọ̀nà méjì ló wà: àwọn ìyá kan ń fọ́mọ lọ́mú lọ bí wọ́n ṣe ń lo oògùn, àwọn mìíràn ń dá a dúró títí àyẹ̀wò á fi parí, pé kí èmi àti ọkọ mi jọ rò ó. Ẹ̀yin tí ọmọ yín kéré ju tèmi lọ, ẹ má fi tèmi ṣòfin, ẹ bi dókítà yín.

Tíṣà ni Bàbá Ìbùkún náà, ní ilé ìwé girama kan ní Ìfọ́n. Nígbà tí mo délé tí mo ṣàlàyé fún un tán, kò pariwo, kò bèèrè bó ṣe jẹ́. Ó ní, "Oògùn náà dà?" Mo mú un fún un. Ó ka ìwé inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń máàkì ìdánwò, ó wá ní, "A ó lò ó." Ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́: a ó. Mo sunkún lórí ọ̀rọ̀ yẹn ju bí mo ṣe sunkún lọ́dọ̀ dókítà lọ. Dókítà ní kí a máa lo rọ́bà ìdáàbòbò títí àyẹ̀wò ìkẹyìn, ọkọ mi kó o sábẹ́ ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀, ibi tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn. A jọ pinnu pé Ìbùkún á kúrò lẹ́nu ọmú, nítorí ó ti ń jẹ ẹ̀kọ, ó sì ń gba ẹyin àti ẹja. A sì jọ pinnu pé a ò ní sọ fún Màmá. Bí a bá sọ pé abẹ́rẹ́ gún mi, wọ́n á bèèrè bó ṣe gún mi, mi ò sì rí ẹnu tí màá fi sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ le. Oògùn náà ń rìn mí, orí ń fọ́ mi, àlá tí mò ń lá ò lórí kò nídìí. Ọmọ ń sunkún ọmú, mo fi ọ̀já di àyà mi, mò ń fi ẹ̀kọ rẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀, èmi á wà lẹ́yìn ilé, mò ń bì. Owó mọ́tò Òṣogbo ò sì jẹ́ kí n gbádùn owó oṣù mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni oògùn fúnra rẹ̀. Bí mo bá ń pa yín lẹ́rìn-ín báyìí, ẹ má rò pé mo rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Màmá ń wò mí. Tíṣà kì í yé ṣe tíṣà. Wọ́n ṣe ìṣirò wọn: ìyàwó já ọmọ lẹ́nu ọmú, ìyàwó ń bì láràárọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bì tán, mo wọlé bá wọn ní ilé ìdáná. Wọ́n ti gbé ife àgbo kalẹ̀, ó ń rú èéfín.

"Mu ún. Á bá ọ dá èébì yẹn dúró."

"Ẹ ṣeun mà. Mi ò lè mu ún, mà."

"Mo mọ ohun tó ń ṣe ọ́. Ọmọ márùn-ún ni mo bí. Mo kàn ní kẹ́ ẹ ní sùúrù kí èyí rìn ná ni."

"Mi ò lóyún, Màmá."

"Ta ló ń já ọmọ oṣù mẹ́wàá lẹ́nu ọmú, tó tún ń bì, tí kò lóyún?" Wọ́n sún ife náà sọ́dọ̀ mi. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má da àgbo pọ̀ mọ́ oògùn yẹn. Mo sún un padà. Ojú Màmá yí. "Ṣé mo fẹ́ pa ọ́ ni? Ó dáa. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ Ìfọ́n àti Ìlobù parí nínú ilé yìí, lọ́jọ́ tí o kúnlẹ̀ kí mi ní wọ́ọ̀dù."

Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́. "Màmá, ibi ìkúnlẹ̀ yẹn ni abẹ́rẹ́ ti gún mi. Abẹ́rẹ́ ẹni tó ní HIV. Oògùn rẹ̀ ni mò ń lò tí mo fi ń bì. Torí ẹ̀ ni mo fi gba ọmú lẹ́nu ọmọ."

Màmá wo ọwọ́ mi, wọ́n wo eékún mi. Wọ́n gbé Ìbùkún nílẹ̀ níbi tó ti ń rá, wọ́n bá tiwọn lọ sí yàrá. Àgbo náà tutù síbẹ̀, kò sẹ́ni tó mu ún.

Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo rí ife mi àti ṣíbí mi nínú abọ́ kan lọ́tọ̀, wọ́n gbé e sórí fèrèsé. Mo mọ ọwọ́ tó gbé e síbẹ̀. Bàbá Ìbùkún fẹ́ bínú lọ bá ìyá rẹ̀, mo dì í mú. Ìbẹ̀rù ni, kì í ṣe ìkórìíra. Mo mọ ìbẹ̀rù yẹn, èmi tí mo fi ìborùn bojú níwájú àwọn tí a jọ wá gba oògùn. Ṣùgbọ́n ó dùn mí. Nínú gbogbo ohun tí ojú mi rí, ife yẹn ló dùn mí jù.

Mo sọ fún Mátírọ́ọ̀nù. Ohun tí mi ò tíì sọ fún yín ni pé Màmá ló kọ́ Mátírọ́ọ̀nù ní kíláàsì kẹta, wọ́n sì nà wọ́n dáadáa nígbà náà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Mátírọ́ọ̀nù wá sílé wa, wọ́n kúnlẹ̀ kí tíṣà wọn, wọ́n jókòó. Màmá ní kí wọ́n gbé omi wá fún àlejò nínú ife tó dára. Mátírọ́ọ̀nù ní, "Ẹ má ṣe wàhálà mà, ti Ìyá Ìbùkún tó wà lórí fèrèsé yẹn ti tó." Wọ́n bu omi sínú rẹ̀, wọ́n mu ún tán, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ. Màmá ń wo ọ̀nà ọ̀fun wọn bí omi ṣe ń lọ.

Ìbéèrè wá bẹ̀rẹ̀. Màmá bèèrè nípa ife, nípa àwo, nípa aṣọ, nípa ọmọ. Mátírọ́ọ̀nù dáhùn gbogbo rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi yé wọn pé kò tíì sí ẹni tó sọ pé mo ní nǹkan kan, pé kí n má baà ní i ni oògùn náà wà fún. Màmá ní, "Ó ń pa á lára jù. Ṣé kò ní dáa ká fà á lé pásítọ̀ lọ́wọ́, kó dá oògùn yẹn dúró ná?"

"Ẹ máa gbàdúrà, mà. Àdúrà ò ní bá oògùn jà. Àgbo ló lè bá a jà, àti ọjọ́ kan tí ò bá lò ó."

"Aago mélòó ló ń lò ó?"

"Mẹ́jọ alẹ́, mà."

Lọ́jọ́ kejì, mo rí ife mi láàárín àwọn yòókù. Nígbà tó di aago mẹ́jọ, mo gbọ́ ohùn wọn láti yàrá wọn, ohùn tí wọ́n fi ń pe orúkọ níléèwé: "Ìyá Ìbùkún. Aago mẹ́jọ." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe títí oògùn fi tán. Ọjọ́ tí iná lọ, tí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ mi kú, ohùn yẹn ni mo fi mọ̀ pé àkókò ti tó. Wọ́n ń gbé Ìbùkún lọ sùn lọ́dọ̀ wọn kó má baà máa gbọ́ òórùn ọmú mi, èmi náà sì ń rí oorun sùn.

Ohun kan ṣoṣo ló ṣì ń dà mí láàmú. Bí mo bá fẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, wọ́n á ti yí ojú sẹ́yìn. Wọ́n á dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n wọn ò ní wò mí. Mo rò pé inú ṣì ń bí wọn, tàbí pé ìbẹ̀rù ò tíì tán nínú wọn.

Oògùn tán, èébì dúró, ó wá ku ìdúródè. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: ìdúródè le ju èébì lọ. Ikọ́ díẹ̀, mo ti gbà pé ó dé nìyẹn. Bí ara mi bá gbóná nínú oòrùn, mo ti ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí mi. Àyẹ̀wò tó tẹ̀lé e dára. Dókítà ní kí n padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, kó lè fọwọ́ sọ̀yà. Ọjọ́ náà, Bàbá Ìbùkún gbàyè níbi iṣẹ́, a jọ lọ. Mo jókòó láìbo orí. Dókítà kékeré yẹn wo ìwé, ó wò mí, ó ní, "Kò sí nǹkan kan lára yín, mà. Ó ti parí."

Ọkọ mi ló fà mí dìde. Nínú mọ́tò tí a bá padà, ó di àtàǹpàkò mi mú títí a fi dé Ìlobù. Ọkàn mi balẹ̀ débi pé ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí, irú ebi tí mi ò ní láti ìgbà tó ti ṣẹlẹ̀. Omi ọmú mi ti gbẹ, Ìbùkún sì ti gbàgbé rẹ̀. Ó ń di àga mú rìn káàkiri nígbà tí a wọlé, ó fi àga sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ méjì wá bá mi, ó jókòó lu ilẹ̀. Mo sọ èsì fún Màmá. Wọ́n ní, "Ọlọ́run ṣeun," wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń fun imú níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ara mi le báyìí, kò sí oògùn kankan tí mò ń lò. Obìnrin ará Ẹ̀rìn yẹn náà wà, ó ń lo tiẹ̀, ó ti sanra, bó bá ń kọjá lọ sí Òṣogbo ó máa ń juwọ́ sí mi. Àwa ní ilé ìwòsàn wa sì yí nǹkan kan padà: a kì í gbé abẹ́rẹ́ rìn lọ bá páálí mọ́, páálí la ń gbé wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí àgbà bá sì wọlé nígbà tí abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ wa, a ó dúró, a ó ní, "Ẹ má bínú mà, nǹkan wà lọ́wọ́ mi." Kò sí àgbà kan tó tíì bínú. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín, ẹ má sì gbé e pamọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá tún wá sí wọ́ọ̀dù wa, àwọn obìnrin ìjọ wọn wà lẹ́yìn wọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ bàbá kan tán, abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kí n tó la ẹnu, Màmá ti gbé ọwọ́ sókè lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe máa ń dá kíláàsì dúró.

"Má mira. Ju tọwọ́ rẹ nù ná."

Mo jù ú sí páálí. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo fọwọ́, mo nu ún gbẹ. Wọ́n dúró dè mí, gbogbo àwọn obìnrin náà dúró dè mí. Nígbà tí mo dé iwájú wọn tí mo fẹ́ kúnlẹ̀, Màmá di ìgbọ̀nwọ́ mi mú, wọn ò yíjú kúrò lára mi lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, tí àwọn tó wà lẹ́yìn wọn ò fi gbọ́.

"Fi í sílẹ̀. Èyí tí o kúnlẹ̀ níjọ́sí ti tó mi, ìyàwó mi."

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, eékún méjèèjì. Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi.